Obì Àdúrà, Obì Ọjà

Ìyá mi ta gbànja ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa ní Ṣàgámù, títí ogbó fi dá a jókòó sílé, síbẹ̀ kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan nínú ilé wa tí wọ́n fi gbànja sọ lórúkọ. Apẹ̀rẹ̀ obì lè kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé àlejò ò ní ríbi fẹsẹ̀ sí. Bí ìsọmọlórúkọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi á tú etí ìró rẹ̀, á yọ owó, á ní kí n sáré lọ bá ìyá àgbà kan lẹ́yìn ọjà kí n ra obì àbàtà wá. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí à ń fowó ra obì nígbà tó jẹ́ pé orí obì là ń sùn. Ó ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ti owó ni. Ti ẹ̀mí ni mo ní kí o lọ rà."

Mo fi iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi. Nítorí bí a bá kúrò ní Rẹ́mọ tí a dé Kánò, obì tí ìyá mi pè ní ti owó yìí gan-an ni wọ́n ń fi ṣe ti ẹ̀mí níbẹ̀. Bí a bá sì sọdá òkun dé Kúbà, a ò ní bá èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí ẹní. Àgbọn la ó bá, obì ni wọ́n sì ń pè é.

Igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àbàtà àti gbànja. Àbàtà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cola acuminata, ọmọ onílẹ̀ ni: láti igbó tiwa níhìn-ín lọ dé Kamẹrúùnù, Gabon àti Kóńgò ló ti ń hù láti àtètèkọ́ṣe. Àlejò ni gbànja, Cola nitida. Igbó Sàró, Làìbéríà àti Côte d'Ivoire títí dé ilẹ̀ Àṣáńtì ni ilé rẹ̀, ilẹ̀ Gonja ní àríwá Gánà òde òní ni àwọn oníṣòwò sì ti ń rà á, ibẹ̀ ló ti mú orúkọ tí à ń pè é bọ̀. Gbànja tóbi, ó dára lẹ́nu, ó sì ń là sí méjì. Àbàtà kéré sí i, ó ń yọ̀ díẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́, mẹ́rin ló sì sábà máa ń là sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè rí aláwẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Awẹ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ti jókòó ti àwọn abọrẹ̀ tó ń da obì, mo sì wo ọwọ́ wọn dáadáa. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀. Èékánná ni wọ́n fi ń ya obì náà, wọ́n á sì yọ èhù kékeré tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi han ọmọdé pé méjì jẹ́ akọ, méjì jẹ́ abo. Wọ́n á kó o sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á dà á sílẹ̀. Bí méjì bá ṣíjú tí méjì dojú bolẹ̀, èjìfẹ̀ ni, kò sí ìdáhùn tó balẹ̀ tó o. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣíjú, aláàfíà dé. Bí mẹ́ta bá ṣíjú, ẹ̀tàwà ni: ọ̀rọ̀ kù, ẹ tún un bi. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ṣíjú, ọ̀kànràn, ojú á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Bí gbogbo wọn bá dojú bolẹ̀, ọ̀yẹ̀kú nìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí obì bá yàn, ariwo á sọ, wọ́n á sì pín awẹ́ náà jẹ níbẹ̀.

Ohun tó ń là sí méjì kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìdáhùn gbànja kò pọ̀ tó ti àbàtà. Kò lè sọ pé ó dára ṣùgbọ́n nǹkan kan kù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ìdáhùn yẹn gan-an ni ayé ń fún ẹni tó bá ń bi í léèrè nípa ẹ̀mí ara rẹ̀.

Níbi ìsọmọlórúkọ, a kì í da obì, a fi ń súre ni: kó bi ikú, kó bi àrùn dànù lọ́nà ọmọ. Orógbó wà níbẹ̀ fún ogbó, ataare fún ọmọ púpọ̀, oyin fún adùn, omi nítorí kò sẹ́ni tó ń bá omi ṣọ̀tá. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyókù, gbogbo wa la ti jókòó níbẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo òrìṣà ló ń gba obì o. Orógbó ni ti Ṣàngó.

Àwọn Ìgbò náà, àbàtà ni tiwọn. Ọjị ni wọ́n ń pè é, mo sì rò pé wọ́n fọwọ́ pàtàkì mú un ju àwa lọ. Onílé á gbé àwo obì jáde, àwo náà á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìbátan kálukú bá ṣe jìn sí onílé tàbí súnmọ́ ọn, títí yóò fi padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Àgbà ọkùnrin á gbàdúrà sí i, èdè Ìgbò ni yóò sì fi gbà á, torí wọ́n ní obì kì í gbọ́ Òyìnbó. Aláwẹ́ mẹ́rin dúró fún ọjọ́ ọjà mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ti akọni ni aláwẹ́ mẹ́ta. Àlejò á mú awẹ́ kan lọ sílé, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Gworo ni wọ́n ń pe gbànja, wọ́n lè fi ṣe àlejò, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti nípọn, ọjị ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń béèrè. Obìnrin kì í pa ọjị. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Nsukka jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú: ta ló ń ru obì dé ọjà bí kò ṣe obìnrin?

Bí a bá gòkè dé ilẹ̀ Hausa, ọ̀rọ̀ yí padà. Òjò ibẹ̀ kò tó láti gbé igi obì ró, nítorí náà gbogbo obì tí wọ́n bá rí jẹ, ó ti rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn jìháàdì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804, tí ìjọba Sókótó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọtí di ohun ìtìjú fún Mùsùlùmí, obì ló sì gba ipò ọtí nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kì í pa èèyàn bí ọtí. Kàfíìnì inú rẹ̀ ń mú ojú dá, ó ń tan ebi jẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣọ́ òru lè fi ṣọ́ ọ. Àwọn oníṣòwò bí àwọn Agalawa àti Tokarawa ti Kánò á kó ara wọn jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n á kọrí sí Salaga ní ilẹ̀ Gonja, níbi tí obì Àṣáńtì ti ń pàdé wọn. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, òwò obì wà lára ohun tó rí tó sì kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Àṣáńtì ní 1874, Salaga já ara rẹ̀ gbà, ọjà náà sì túká, apá kan lọ sí Kintampo, apá kan lọ sí Kete Krachi.

Gbànja tó rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín nílé Hausa nígbà tí ọmọ bá pé ọjọ́ méje. Goro ni wọ́n fi ń kéde pé ọmọ ti dé. Bí wọ́n bá fẹ́ so yìgì, goro ni. Ẹni tó bá jẹ níbẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Awẹ́ mélòó ló ní kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ṣì tutù lẹ́yìn gbogbo ìrìn yẹn, torí obì tó bá ti gbẹ kò ṣeé gbé fún àlejò. Mo gba ti wọn. Ẹni tó ń gbé létí aṣálẹ̀ yóò mọ iyì ohun tó rìn jìnnà tí kò kú.

Báwo ni gbànja ṣe wá di ti wa? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Agiri ti Yunifásítì Èkó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí, láàárín 1880 sí 1920 ló sì fi àkókò tí irúgbìn náà wọlé sí. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ti ń kó obì láti Freetown àti Accra wá sí Èkó, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Òkè Ọya. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ wa fi rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ̀ lébùúté yìí lè hù lẹ́yìnkùlé àwọn. Agége ló kọ́kọ́ dún. Oko kòkó àwọn J. K. Coker ló sọ ibẹ̀ di olókìkí, ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó wọn ń darúgbó, gbànja ló jókòó sípò rẹ̀. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1911. Ohun tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fi oṣù gbé, ọkọ̀ ojú irin ń fi ọjọ́ gbé e. Àwọn Hausa tó ń dúró de obì ní Kánò wá sọ̀kalẹ̀ láti dúró dè é nídìí igi. Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀dó ní 1916, òwò obì àti màlúù ló gbé e ró. Abner Cohen, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1969. Ẹ̀gbá gbìn ín, Ìjẹ̀bú gbìn ín, Rẹ́mọ sì gbìn ín débi pé bí wọ́n bá dárúkọ Ṣàgámù ní Kánò, obì ló ń sọ sí wọn lọ́kàn.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bá òwò yìí. Iṣẹ́ obì kò sí fún ọ̀lẹ. Àwọn àgbẹ̀ á ká èso rẹ̀, wọ́n á là á, wọ́n á kó hóró rẹ̀ jáde nínú awọ funfun. Ìyá mi á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, awọ náà á rọ̀, á máa bọ́ bí a bá ti ń fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá bí ògì tó kan jù. A ó ṣan án, a ó tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́, a ó tún fi ewé bò ó kó lè làágùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a ó tú u, a ó nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣà á wá bẹ̀rẹ̀.

Ìṣà ni iṣẹ́ gan-an. Funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀. Funfun ló ń pa owó jù lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya. Ìyá mi á gbé ẹyọ kan súnmọ́ ojú, á yí i po, á fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ibi kan tó dà bíi pé abẹ́rẹ́ gún un, á jù ú sápá kan láìsọ̀rọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà: láti oko ló ti yé ẹyin síbẹ̀. Bí èèyàn bá gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun ni wọ́n lè bá nígbà tí wọ́n bá tú u ní Kánò. Àwa ọmọ ò lè ṣà á bí tirẹ̀. Ó máa ń tún tiwa ṣà lẹ́yìn tí a bá ti sùn.

Oníbàárà rẹ̀ pàtàkì jẹ́ Alhaji kan tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kánò. Kì í yá a lára láti dúnàá dúrà. Á jókòó sórí àpótí, á mú ẹyọ kan, á là á sí méjì, á na awẹ́ kan sí ìyá mi, á ju ọ̀kan sẹ́nu.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o."

"Ẹ kú ìrìn, Alhaji. Ará ilé ńkọ́?"

Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ awẹ́ náà tán ni iye owó máa ń wọ ọ̀rọ̀. Ó máa ń kó ẹrù lọ láìtíì san owó rẹ̀ tán, kò sí ìwé kankan láàárín wọn, owó náà sì máa ń dé. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ àìsàn, owó obì tí Alhaji san ṣáájú ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Mo rò pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá mi ti kù díẹ̀. Gbànja tó pè ní ti owó, awẹ́ méjì tí òun àti Alhaji ń pín jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi adùn bo ìtàn yìí mọ́lẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ṣàgámù lásìkò orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Nígbà tí ìròyìn dé Kánò, wọ́n gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ń jọ jẹ obì kan náà láti ọdún pípẹ́ ni o. Ọjà padà ṣí, torí obì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò lè dúró kí inú èèyàn rọ̀, ó ń jẹrà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá òkun tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú rí obì tòótọ́ lò. Ọkọ̀ kò dáwọ́ lílọ-bíbọ̀ dúró láàárín Èkó àti Salvador ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, sì ń fi obì, orógbó, ataare, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ṣòwò. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ọ̀nà yẹn ni Martiniano Eliseu do Bonfim. Salvador ni wọ́n bí i sí ní 1859, bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní 1875, ó kàwé níbẹ̀, ó padà sílé ní 1886, ó sì di babaláwo tí gbogbo Bahia ń wárí fún títí ó fi kú ní 1943. Títí di òní, bí wọ́n bá ń bọ orí nílé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, obì àti omi tútù ló ń wà níwájú. Obì náà ni wọ́n ń pè é, orógbó ló di orobô lẹ́nu wọn. Igi obì pàápàá ti ń hù nílẹ̀ wọn.

Kúbà kò rí irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn. Òwò ẹrú sí ibẹ̀ dópin ní nǹkan bí ọdún 1867, kò sì sí ọ̀nà Èkó fún wọn bíi ti Bahia. Àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, wo ohun tó wà lọ́wọ́, wọ́n mú àgbọn. Wọ́n gé e sí awẹ́ mẹ́rin. Inú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, èèyàn lè ka ìdáhùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Omi tútù wà níbẹ̀, ìbéèrè wà níbẹ̀, wọ́n sì ń dà á: Alafia, Etawa, Eyeife, Okana, Oyekun. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n tiẹ̀ fi ìtàn tì í lẹ́yìn, pé funfun báláú ni Obì tinú tẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ìgbéraga wọ̀ ọ́, Olofi, bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run, sì fi èèpo dúdú wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ní kó máa ṣubú sílẹ̀ láti fi dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àgbọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan nílé máa fi àwọn ará Kúbà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Mi ò bá wọn dá sí i. Ẹni tó sọ igi nù tó sì di ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, ohun tó wúwo jù nínú ẹrù náà ló gbé.

Ní Jàmáíkà, bissy ni wọ́n ń pe obì, láti inú bese tí àwọn Akan ń pè é. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sè é mu bí oògùn tó ń pa májèlé. Ní Atlanta ní 1886, ọdún tí oko ẹrú parí ní Kúbà, apòògùn kan tó ń jẹ́ John Pemberton po ohun mímu kan, ó sì mú ìdajì orúkọ rẹ̀ lára obì. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Ìgò rẹ̀ máa ń wà lórí tábìlì níbi ìsọmọlórúkọ lónìí, wọ́n á ti mu ún tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan obì tó wà nínú àwo.

Àwo obì náà ló wá ń bí mi nínú. Mo ti rí i ní gbọ̀ngàn tó ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rá tó ń dán ni wọ́n fi wé e, gbànja ńláńlá ló wà nínú rẹ̀ nítorí pé ó tóbi, ó sì máa ń hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹni tó ń gbàdúrà á gbé e sókè, á ní kó bi ikú, á gbé e sílẹ̀ bó ṣe bá a. Kò sẹ́ni tó pa á, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ayẹyẹ, àwọn agbálẹ̀ á gbá a mọ́ ike. Ará Kánò kò ní ṣe goro bẹ́ẹ̀, Ìgbò kò ní ṣe ọjị bẹ́ẹ̀, ará Havana kò sì ní ṣe àgbọn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obì tí wọn kò pa kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ní abúlé ìyá mi, ìwọ̀nba igi àbàtà tó ṣẹ́ kù, àwọn tó ti kú ló gbìn wọ́n. Owó wà nínú gbànja, àbàtà kò ní oníbàárà láti Kánò, igi rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó so, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ ṣí àyè sílẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Mi ò dá àgbẹ̀ lẹ́bi, àwa tí a kì í béèrè rẹ̀ mọ́ la jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ lóko, bó ti wù kó kéré tó, ẹ gbin àbàtà kan síbẹ̀. Ẹ̀yin òbí ọmọ tuntun, bí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀, ẹ kọ "àbàtà" gàdàgbà, kí ẹni tí ẹ rán lọ sọ́jà má ra gbànja bọ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa bóyá kòkòrò ti gún un. Bí àdúrà bá sì parí, ẹ ní kí àgbà tó wà níjókòó pa á lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n pín in, kí kálukú jẹ tirẹ̀ níbẹ̀.